Bàbá Awalẹ̀ Àdúgbò Sàbíìlì

Ní ọjọ́ tí Àlàájì Lìádì dùbúlẹ̀ síwájú katakata ní àdúgbò Bàgìdádíyà, oòrùn Jẹ́dà mú débi pé àwọn òṣìṣẹ́ ń fi àpò sìmẹ́ńtì borí. Ọdún 1976 ni, nígbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀ ní ilẹ̀ Saudi, tí kò sí àdúgbò tí wọn kò ti wó ilé àtijọ́ kí wọ́n lè kọ́ tuntun. Lìádì wà lára àwọn tó ń fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ìtajà kan. Katakata ti gbé ẹnu sókè, ó fẹ́ já a sílẹ̀, ni Lìádì bá ju ṣọ́bìrì nù, ó bẹ́ sínú kòtò, ó na ara rẹ̀ gbalaja. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilẹ̀ yẹn, òkú wà níbẹ̀.

Rashid, ọ̀gá iṣẹ́, sáré dé. Ọmọ Saudi ni, kì í ṣe ènìyàn burúkú, àmọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù jù láyé ni kí ọlọ́pàá wá sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Nínú òṣìṣẹ́ méjìlélógún tó ní, àwọn tó ní ìkámà, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń gba àlejò láàyè láti gbé ìlú, kò ju mẹ́rin lọ. Àwọn tó kù wá ṣe hájì ni, wọn kò sì padà sílé mọ́. Rashid bi Lìádì bó ṣe mọ̀ pé òkú wà nínú ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbẹ́.

“Wo àwọ̀ rẹ̀,” ni Lìádì wí. “Ilẹ̀ tí wọn kò gbẹ́ rí, àwọ̀ kan ló máa ń ní. Èyí tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n tún dí padà, àwọ̀ rẹ̀ á dàrú. Ẹnìkan ti gbẹ́ ibí yìí kí ìwọ tó dé.”

Wọ́n wò ó, òótọ́ sì ni. Apá kan ilẹ̀ náà dúdú ju èkejì lọ, ó sì gùn gbọọrọ bí ibojì. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ lọ kó irinṣẹ́ wá nílé Lìádì. Láti àárọ̀ títí dé ìrun Àìlá ló fi síbí ìdáná ìyàwó rẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìnubàtà wú ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Katakata dúró. Òṣìṣẹ́ dúró. Nígbà tí egungun ìhà àkọ́kọ́ yọ, Àlàájì Ṣàkírù, tí òun àti Lìádì jọ ń gbé ilé kan náà, ṣe àdúà fún òkú, àwọn yòókù sì ṣe àmín. Egungun ẹ̀yìn yọ, wọ́n tún ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni ìwo méjì yọ.

Gbogbo wọn yíjú sí Lìádì. Rashid ní kó wá ṣàlàyé. Lìádì gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára síbí, ojú kò tì í rárá.

“Mo ní òkú wà níbẹ̀,” ló wí. “Ṣé mo sọ pé òkú ènìyàn ni?”

Àgbò Iléyá kan ni, tó jọ pé ó kú kí wọ́n tó rí i dú, tí ẹni tó ni ín sì sin ín nígbà tí kò ṣeé jẹ mọ́. Rashid lé Lìádì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Lìádì kò jà, àmọ́ kò lọ. Ó ní iṣẹ́ kì í parí bẹ́ẹ̀. Ó fa bébà àpò sìmẹ́ńtì kan ya, ó ya àwòrán àgbò náà sí i, pẹ̀lú ibi tí egungun kọ̀ọ̀kan wà àti ibi tí orí rẹ̀ kọjú sí, kó tó yọ̀ǹda kí katakata ṣiṣẹ́. Bàbá Awalẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, orúkọ yẹn ló sì jẹ́ títí ó fi kú.

Tí ẹ bá bi àwọn àgbà Sàbíìlì, àdúgbò tí Lìádì ń gbé ní Jẹ́dà, léèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, ìtàn àgbò ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Àmọ́ ẹni tó bá dá ẹnu dúró síbẹ̀ kò tíì sọ ìtàn Lìádì.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Amọ̀ ni bàbá rẹ̀ fi ń mọlé, òun náà sì ń fi ẹsẹ̀ po amọ̀ láti kékeré. Ní nǹkan bí ọdún 1952, ó gbéra láti lọ sí Mẹ́kà. Kò rówó ọkọ̀ òfuurufú, torí náà ó gba ọ̀nà ilẹ̀. Ó dé Kánò, ó dé Màídúgùrì, ó la ilẹ̀ Ṣáàdì kọjá, ó dé Sudan. Ìlú tó bá dé, á ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí á fi rí ohun tí yóò gbé e dé èkejì. Ní Sudan, níbi tí gbogbo ayé ti ń yà sí ọ̀tún lọ wọ ọkọ̀ ojú omi, Lìádì yà sí òsì. Àwọn tó ń da ràkúnmí lọ tà ní Íjíbítì ló tẹ̀ lé, nítorí wọ́n ń fún un lóúnjẹ. Ìrìn àjò tó yẹ kó gbà á ní ọdún méjì gbà á ní mẹ́fà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ó ṣìnà, á ní òun kò ṣìnà, ọ̀nà ló gùn.

Ní apá òkè ilẹ̀ Íjíbítì, létí odò Náílì, ó bá àwọn òyìnbó kan tí wọ́n ń wú ìlú àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀. Ará Íjíbítì kan tó ń jẹ́ Fadl ni olórí òṣìṣẹ́ wọn, Ràyíìsì Fadl ni wọ́n ń pè é, bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ sì ti fi iṣẹ́ yìí jẹun. Fadl gba Lìádì kó máa fi agbọ̀n ru iyẹ̀pẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Lìádì sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó ní wọ́n ń fi ṣọ́bìrì gé ògiri. Wọ́n ní ògiri wo, ṣé kò rí i pé erùpẹ̀ lásán ni. Ó ní ògiri alámọ̀ tó ti wó ni, inú irú rẹ̀ ni wọ́n bí òun sí. Fadl wọ́n omi sí i, ó jókòó tì í. Bí omi ti ń gbẹ ni ìlà bíríkì ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí bíríkì àti amọ̀ tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ra kì í gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ náà ni Fadl gba agbọ̀n lórí rẹ̀, tó sì fún un ní ọ̀bẹ kékeré àti búrọ́ọ̀ṣì.

Ọyẹ́ méjì ni Lìádì fi ṣe iṣẹ́ yìí kó tó dé Mẹ́kà, ogún ọdún ó lé ló sì fi sọ ọ́. Gbogbo Sàbíìlì mọ̀ ọ́n sórí. Ìlú àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n gbẹ́. Ó mọ bí ilé wọn ti rí, ibi tí ààrò wà, ibi tí wọ́n ń kó ọkà sí, bí wọ́n ti ń da ìyẹ̀fun sínú ìkòkò gbígbóná kó lè di búrẹ́dì. Ó mọ bí wọ́n ti ń sin tálákà wọn: wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ẹní, wọ́n á ká a lẹ́sẹ̀ kò bí ẹni tó ń sùn, wọ́n á gbé ìkòkò kan àti búrẹ́dì díẹ̀ tì í. Ó mọ̀ pé nígbà mìíràn, ọmọ ọwọ́ tó bá kú, inú ìkòkò ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á sì sin ín sábẹ́ ilẹ̀ yàrá, kí ìyá rẹ̀ má baà jìnnà sí i. Tó bá dé ibẹ̀, á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Àlàájì Ṣàkírù, ọmọ Ọ̀fà, ni kì í jẹ́ kó sọ ọ́ parí. Ṣàkírù gbà pé òun ni ìmáàmù ilé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó yàn án. Ó ní irọ́ ni, tí kì í bá sì í ṣe irọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ó ní kí ni Mùsùlùmí ń wá ní ilé Firiaona, ọ̀tá Ànábì Músá.

“Èmi kò gbẹ́ Firiaona,” ni Lìádì fèsì. “Àwọn tó ń kọ́lé fún un ni mo gbẹ́. Ìwọ náà, tí wọ́n bá gbẹ́ ọ lọ́la, ṣé wọ́n á sọ pé ìwọ lo ni gbogbo ilé tí o kọ́ ní Jẹ́dà yìí?”

Ṣàkírù wo ọwọ́ rẹ̀ tí sìmẹ́ńtì ti jẹ. Ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Àlàájà Bùsírátù, ìyàwó Lìádì, ló ń gbé oúnjẹ náà wá. Ọdún 1963 ló bá àwọn oníhájì wọ ọkọ̀ òfuurufú wá, ìrẹsì àti ẹ̀wà ló sì ń sè fún àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà tó wà ní àdúgbò. Ìyà tó jẹ obìnrin yìí lórí síbí kò kéré. Síbí mẹ́sàn-án ló rà lọ́dún kan, kò sì sí èyí tí ẹnu rẹ̀ kò tẹ́ẹ́rẹ́ nítorí ilẹ̀ gbígbẹ́. Bó bá ń gbálẹ̀, ọkọ rẹ̀ á dúró tì í, á ní kó rọra, ó lè jẹ́ pé ohun tó ń gbá dànù ni àwọn ará iwájú fẹ́ mọ̀. Bùsírátù á ní tí àwọn ará iwájú bá dé, kí wọ́n wá bá òun gbálẹ̀.

Ohun tí Lìádì kọ́ jù ní Íjíbítì ni pé ààtàn kì í purọ́. Ó máa ń sọ pé ibojì ọba, ohun tí ọba fẹ́ kí o gbọ́ ni yóò sọ fún ọ, àmọ́ ààtàn á sọ ohun tí wọ́n jẹ. Ìmọ̀ yìí kì bá tí dá ìjà sílẹ̀ ká ní ó fi mọ sí Íjíbítì. Lọ́dún kan, Ṣàkírù bẹ̀rẹ̀ sí gba ààwẹ̀ Àlàmísì, kò sì jẹ́ kí ará ilé sinmi. Bí wọ́n bá kí i, ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni yóò fi dáhùn, kí wọ́n lè mọ̀ pé nítorí Ọlọ́run lebi ṣe ń pa òun. Ní àárọ̀ Jímọ̀ kan, Lìádì gbé agolo ìdọ̀tí Ṣàkírù sáàárín ilé, ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kó o jáde ní ipele-ní-ipele. Ó pe gbogbo ará ilé kí wọ́n wá wò ó.

“Òkè pátápátá, kóró dàbínù mẹ́ta,” ló wí. “Ìyẹn ni Àlàájì fi ṣínu lánàá. Abẹ́ rẹ̀, egungun adìyẹ. Ohun tó wà lábẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé. Ṣé adìyẹ lẹ jẹ tán kí ẹ tó wá ṣínu ni?”

Ṣàkírù ní ológbò ló da agolo náà rú. Lìádì ní ológbò Sàbíìlì kì í fi egungun adìyẹ sílẹ̀. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá, láti ìgbà náà ni Ṣàkírù sì ti ń fúnra rẹ̀ gbé ìdọ̀tí rẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun àdúgbò.

Asiya nìkan lọmọ tí Lìádì àti Bùsírátù bí. Jẹ́dà ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ bí wọ́n bá bá a sọ ọ́, Lárúbáwá ló fi ń dáhùn. Nígbà tó wà ní kékeré, kò sí ìtàn tó fẹ́ràn bí ìtàn Íjíbítì. Bàbá rẹ̀ á ri àwo fífọ́ mọ́ inú yanrìn, á ní kó wú u jáde láìsí pé ó ṣí i nípò. Tó bá ti ṣí i, Lìádì á ní ó ti ba ẹ̀rí jẹ́, kó tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìlá, olùkọ́ ìtàn tuntun dé ilé ìwé wọn, Mastura ni orúkọ rẹ̀, ará Kàírò. Ó kọ́ wọn nípa àwọn ọba Íjíbítì àti ibojì ńláńlá wọn. Asiya nawọ́ sókè, ó ní bàbá òun ti gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Mastura bi í pé ọba wo ni bàbá rẹ̀ gbẹ́. Asiya kò mọ̀. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o, ó ní òun á fẹ́ rí bàbá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun àti ọkọ rẹ̀, Yunus, tó jẹ́ ẹnjiníà ilé kíkọ́, wá kí wọn ní Sàbíìlì.

Lìádì wọ agbádá. Bùsírátù se tíì. Asiya gbé àtẹ tíì dúró, ojú rẹ̀ ń dán, nítorí ọjọ́ yẹn ni yóò hàn pé òótọ́ lòun sọ.

“Ọba wo lẹ gbẹ́, Àlàájì?” ni Yunus béèrè.

“Kò sí ọba níbẹ̀.”

“Wúrà ńkọ́?”

“Àlùbọ́sà ni mo rí.”

Yunus rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i láṣọ. Kò ní i lọ́kàn láti bú ẹnikẹ́ni, àlùbọ́sà yẹn ló pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kó òun lọ wo ibojì àwọn ọba nígbà tóun wà nílé ìwé, òun kò sì gbọ́ ọ rí pé òyìnbó ń sanwó fún ènìyàn láti wú ìdọ̀tí òṣìṣẹ́. Lìádì fẹ́ ṣàlàyé pé wọ́n máa ń fi àlùbọ́sà ti òkú nínú ibojì, àmọ́ Mastura náà ti ń rẹ́rìn-ín, Ṣàkírù sì ń rẹ́rìn-ín láti yàrá kejì. Nígbà tí Lìádì máa fi wo ẹ̀yìn, Asiya ti gbé àtẹ sílẹ̀, ó ti jáde.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá bi í níléèwé pé kí ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, á ní òṣìṣẹ́ ni. Ó bẹ bàbá rẹ̀ pé kó má sọ ìtàn Íjíbítì mọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ òun bá wà nílé. Ọ̀rọ̀ yìí dun Lìádì wọra. Ó sọ fún Bùsírátù pé gbogbo Jẹ́dà lè pe òun ní onírọ́, kò kan òun, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo lóun ń fẹ́ kó tó di pé òun kú: kí òun fi etí ara òun gbọ́ kí ọmọ yìí sọ ìtàn náà fún ẹlòmíràn pé òótọ́ ni.

Ó wá ẹ̀rí kiri. Ó fi àpá tí iṣẹ́ ìwalẹ̀ dá sí orúnkún rẹ̀ han Asiya. Ó kọ lẹ́tà sí Ràyíìsì Fadl, ohun tó sì kọ sẹ́yìn rẹ̀ ni “Ràyíìsì Fadl, níbi tí wọ́n ti ń walẹ̀, Íjíbítì.” Oṣù mẹ́jọ kọjá, èsì kò dé. Ṣàkírù ní kò lè dé láé. Lìádì ní àwọn lẹ́tà kan wà tí wọ́n wú jáde níbẹ̀ tó jẹ́ pé ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún kí ẹnikẹ́ni tó kà wọ́n, kí Ṣàkírù ní sùúrù.

Ní ọdún 1978, Mahmud, onílé wọn, fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́rin sórí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé wọn. Àfi bí wọ́n ṣe rí Yunus tó gbé ìwé àwòrán ilé dání. Òun ni ẹnjiníà iṣẹ́ náà. Lìádì wo ilẹ̀ náà fún ọjọ́ méjì, ó wá lọ bá a, ó ní ibi tó fẹ́ kí ọkọ̀ tó ń po kọnkéré dúró sí kò dára, ògiri wà lábẹ́ rẹ̀.

“Ṣé kì í ṣe àgbò mìíràn ni?” ni Yunus béèrè. Ìtàn àgbò ti dé etí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, tí kò sí ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́, Lìádì mú síbí àti bútà omi, ó sì ní kí Asiya tẹ̀ lé òun. Kò wu Asiya láti lọ, àmọ́ ó lọ. Bàbá rẹ̀ fi síbí họ ojú ilẹ̀ náà títí ó fi tẹ́jú, ó wọ́n omi sí i, ó ṣí agbòòrùn lé ọmọ rẹ̀ lórí. Ó ní kó má wo òun, kó wo ilẹ̀.

Wọ́n jókòó. Ó pẹ́ gan-an. Asiya ti fẹ́ dìde nígbà tó rí i. Níbi kan, ilẹ̀ ti ń funfun níṣojú rẹ̀, nígbà tí gbogbo àyíká rẹ̀ ṣì tutù. Funfun náà di ìlà, ìlà náà ń tẹ̀ bọ̀ títí ó fi hàn pé bí wọ́n bá tẹ̀ lé e, yóò yí po. Asiya fi ìka tẹ̀ lé e láì fọwọ́ kàn án, bí wọ́n ti kọ́ ọ.

“Ògiri ni,” ni Lìádì wí. “Kí omi ẹ̀rọ tó dé Jẹ́dà, inú ilẹ̀ ni wọ́n ń pa omi òjò mọ́ sí. Wọ́n bo ibí yìí, wọ́n gbàgbé ẹ̀. Òfìfo ló wà nísàlẹ̀.”

Ó bi í bóyá ó rí i. Asiya fi Lárúbáwá dáhùn pé òun rí i.

Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ kọnkéré dé. Ó ń fi ẹ̀yìn bọ̀. Lìádì pariwo, ọkọ̀ kò dúró. Ó bá ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ó lọ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ̀rín bú jáde, wọ́n ní Bàbá Awalẹ̀ ti rí àgbò kejì. Ilé ìwé wà ní ìsinmi lọ́jọ́ náà, Asiya sì ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ó sáré jáde, ó la àárín àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn kọjá, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó ká apá gbera. Ojú ń tì í, ó sì jókòó síbẹ̀ náà.

Inú bí awakọ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Òun àti àwọn mẹ́ta gbé Lìádì ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Asiya tẹ̀ lé wọn. Awakọ̀ gbọn ọwọ́ nù, ó ń padà lọ. Kò tíì dé ibi ilẹ̀kùn ọkọ̀ nígbà tí ilẹ̀ kérora. Ẹ̀yìn ọkọ̀ rì, iwájú rẹ̀ gbéra sókè, gbogbo rẹ̀ sì wọlẹ̀ tán ku gíláàsì iwájú. Àgbá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣì ń po kọnkéré lọ nínú kòtò.

Gbogbo ènìyàn ń wo ọkọ̀. Awakọ̀ jókòó sílẹ̀, ó di orí mú. Lìádì nìkan ni kò wo ọkọ̀. Ó ti dojú bolẹ̀ létí kòtò, ó ń wo ògiri, ó ń pariwo pé kí wọ́n má tẹ àwọn àpáàdì tó wà nísàlẹ̀. Yunus rọra wá dúró tì í. Ó bọ́ fìlà. Bó ṣe fẹ́ la ẹnu báyìí ni ẹnìkan kígbe pé ọlọ́pàá ń bọ̀.

Kò gba ìṣẹ́jú kan. Gbogbo ẹni tí kò ní ìkámà fo ògiri, Ṣàkírù sì ṣíwájú wọn pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni tó gba ẹ̀mí awakọ̀ là kò dúró gba ọpẹ́. Ilé Hàbíbátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé àdúgbò Sáhíìrì ní Mẹ́kà, ni Lìádì sá lọ, oṣù mẹ́rin ló sì fi wà níbẹ̀. Kò sí ohun tó dùn ún nínú ọ̀rọ̀ náà ju pé wọ́n dí kòtò yẹn kí òun tó ya àwòrán rẹ̀.

Yunus wá a wálé lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbé àpò àlùbọ́sà kan fún Bùsírátù, ó ní kó bá òun tọrọ àforíjì. Ó ní òun ti kọ̀wé sí àbúrò bàbá òun tó jẹ́ aṣọ́nà ní ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí ní Kàírò, ìyẹn sì ní òótọ́ ni, wọ́n máa ń fi àlùbọ́sà ti òkú. Oṣù méjì gbáko ni wọ́n fi jẹ ọbẹ̀ àlùbọ́sà nílé náà.

Nígbà tí Lìádì padà dé, ohun tó kọ́kọ́ bi Asiya ni bóyá ó ti sọ ìtàn náà fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Asiya ní ọ̀la. Ó gba bàbá rẹ̀ gbọ́, kò sí iyèméjì níbẹ̀ mọ́, ìtìjú ni kò jẹ́. Ó ti ń dàgbà, ẹ̀rín kíláàsì ọjọ́ yẹn kò sì kúrò létí rẹ̀. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá wá, Lìádì á fà sẹ́yìn díẹ̀, á máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, á máa dúró. Ọ̀la yẹn di ọdún márùn-ún.

Ọdún 1983 ló kú. Ó lọ ṣe ọ́mírà, ìyẹn hájì kékeré, ní Mẹ́kà, àyà dùn ún nílé Hàbíbátù, wọ́n gbé e dé ọsibítù, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a. Bùsírátù àti Asiya dé láti Jẹ́dà, Ṣàkírù náà tẹ̀ lé wọn. Kí wọ́n tó lè gbé e lọ kírun sí i lára, akọ̀wé kan ní láti kọ ìwé ikú. Ó béèrè orúkọ, wọ́n sọ ọ́. Ó béèrè ìkámà, wọ́n wo ilẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó fojú fò ó, ó béèrè iṣẹ́ tí olóògbé ń ṣe.

Ṣàkírù yára dáhùn pé òṣìṣẹ́ ni, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán. Akọ̀wé ti gbé bírò lé e.

“Rárá,” ni Asiya wí ní Lárúbáwá. “Awalẹ̀ ni. Ó wa ìlú àtijọ́ jáde ní Íjíbítì.”

Akọ̀wé gbójú sókè. Ó ní àyè ibẹ̀ kéré, kò lè gba gbogbo ìyẹn.

“Ẹ kọ ọ́ wínníwínní,” ni Asiya wí.

Akọ̀wé ní ẹni tí kò ní ìkámà, ibo ni yóò ti rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Asiya gbé ọwọ́ lé tábìlì, ó sì sọ ọ́ fún un, láti Ìsẹ́yìn, gba ọ̀nà ràkúnmí, títí dé ọ̀dọ̀ Fadl. Ó sọ ti ògiri tó yọ nígbà tí omi gbẹ. Ó sọ ti ọmọ inú ìkòkò, ó sì dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó wà lórí ìlà súnmọ́ ọn. Nígbà tó dé orí ìwo àgbò, akọ̀wé fi ìwé bojú rẹ́rìn-ín, Ṣàkírù rẹ́rìn-ín, ó sì tún ń sunkún. Akọ̀wé nu ojú rẹ̀, ó fa ìlà sí ohun tó ti kọ, ó kọ òmíràn wínníwínní.

Bùsírátù kò mọ Lárúbáwá kà. Ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

“Wọ́n ní awalẹ̀pìtàn ni Bàbá mi,” ni Asiya wí. Yorùbá ló fi sọ ọ́.

“Ṣé òótọ́ ni?”

“Òótọ́ ni, Màámi.”

Bùsírátù ní òun mọ̀, òun kì í ṣe ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ. Ó fọwọ́ tọ́ka sí yàrá tí wọ́n tẹ́ Lìádì sí, ó ní kó wọlé lọ sọ ọ́ fún un kí wọ́n tó wá gbé e. Asiya wọlé, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó dúró níta ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń fi Yorùbá sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, àní Ṣàkírù gan-an.